Hóró Irúgbìn: Bí Ó Ṣe Ń Ná Agbára Rẹ̀ àti Bí A Ṣe Lè Tọ́jú Rẹ̀ Pẹ́

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa dídáàbò bo ewéko tó fẹ́ parun, ọkàn wa tètè máa ń lọ sórí igbó tí wọ́n gé àti ilẹ̀ tó di ahoro. Ọ̀nà mìíràn ni mo fẹ́ gbà wọlé lónìí. Mo fẹ́ kí a wo hóró irúgbìn, kí a sì wádìí bí ó ṣe ń ná agbára tó wà nínú rẹ̀, nítorí pé èyí ló ń sọ irú ewéko tí a lè kó pamọ́ sínú yàrá tútù fún ọgọ́rùn-ún ọdún, àti irú èyí tó jẹ́ pé bí igbó rẹ̀ bá lọ, òun náà lọ.

Inú ewé ni agbára náà ti wá. Ewé a máa lo ìmọ́lẹ̀ oòrùn láti fi omi àti káàbọ́nì dáyọ́ksáìdì ṣe ṣúgà, a sì tú ọ́síjìn sínú afẹ́fẹ́. Nígbà tí ewéko bá ń so, a fi lára ṣúgà yìí ṣe sítáàṣì, òróró àti purotéènì, a sì dì wọ́n sínú hóró fún ọlẹ̀ tó wà níbẹ̀. Bí omi bá wọ inú hóró tó ti gbẹ, láàárín wákàtí díẹ̀ ni mitokọ́ńdíríà, ẹ̀yà kékeré inú sẹ́ẹ̀lì, yóò ti máa fi ọ́síjìn jó ṣúgà (èyí ni mímí hóró) láti ṣe ATP, èròjà agbára tí gbogbo iṣẹ́ ìdàgbàsókè gbára lé. Bí gbòǹgbò bá sì ti yọ, kò sí àtúnṣe mọ́: kí oúnjẹ inú hóró tó tán, ewé àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti rí ìmọ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ hóró wẹ́wẹ́, tí oúnjẹ inú wọn kéré, kì í fi í hù nínú òkùnkùn. Èròjà kan wà lára wọn tó ń mọ̀ bí ìmọ́lẹ̀ bá dé.

William Beal, onímọ̀ ewéko ní Michigan ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní 1879 tó ṣì ń lọ lọ́wọ́ títí di òní. Ó ri ìgò 20 mọ́lẹ̀, ó sì kó hóró oríṣi ewéko 21 sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, àádọ́ta hóró fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Òru ni àwọn tó jogún iṣẹ́ náà ń hú ìgò jáde, kí ìmọ́lẹ̀ má baà jí àwọn hóró náà ṣáájú àkókò. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀kan ní 2021, hóró ewéko kan tó ń jẹ́ Verbascum ṣì hù, lẹ́yìn ohun tó lé ní 140 ọdún. Ọdún 2100 ni wọ́n fi ìgò ìkẹyìn sí, sùúrù tó ṣọ̀wọ́n gan-an láàárín àwa onímọ̀ sáyẹ́ǹsì. Hóró igi déètì tí wọ́n wú jáde ní Masada, ní Ísráẹ́lì, tilẹ̀ ti tó nǹkan bí 2,000 ọdún kí wọ́n tó gbìn ín ní 2005, ó sì hù.

Gbígbẹ àti òtútù ni àṣírí náà. Bí ọ̀rinrin inú hóró bá wálẹ̀ sí nǹkan bíi 5 nínú 100, mímí rẹ̀ a fẹ́rẹ̀ẹ́ dáwọ́ dúró, ìbàjẹ́ tí ọ́síjìn ń ṣe sí DNA rẹ̀, ohun àjogúnbá inú sẹ́ẹ̀lì, a sì falẹ̀, bí ẹni rẹ òwú àtùpà sílẹ̀ kí epo lè pẹ́. Ìṣirò kan tí wọ́n máa ń lò, tí kò ṣe é gbára lé tán ṣùgbọ́n tó wúlò púpọ̀, ni pé bí ọ̀rinrin bá fi 1 nínú 100 dín kù, ẹ̀mí hóró a di ìlọ́po méjì. Bí ìgbóná bá sì fi nǹkan bíi 5°C wálẹ̀, bákan náà ni. Lórí ìpìlẹ̀ yìí ni wọ́n ṣe gbẹ́ ilé ìpamọ́ Svalbard sínú òkè ní Nọ́wè, tí wọ́n ṣí ní 2008, níbi tí hóró wà ní -18°C. Nígbà tí ogun lé àwọn oníṣẹ́ ìwádìí kúrò nídìí hóró tí wọ́n tọ́jú sí Síríà, Svalbard ni wọ́n ti gba ẹ̀dà rẹ̀ padà ní 2015, tí wọ́n sì lọ gbìn ín ní Mòrókò àti Lẹ́bánọ́nì kí ó lè di púpọ̀.

Ṣùgbọ́n àwọn hóró kan wà tí gbígbẹ ń pa. Hóró kòkó, rọ́bà àti máńgòrò kì í dákẹ́ mímí lẹ́yìn tí wọ́n bá gbó. Kíá ni wọ́n fẹ́ hù, bí a bá sì gbẹ wọ́n, wọ́n kú. Irú wọn pọ̀ nínú igbó olójò, àwọn igi tó sún mọ́ ìparun jù lọ sì pọ̀ láàárín wọn. Ọ̀nà kan tó kù ni kí a yọ ọlẹ̀ inú hóró, kí a sì gbé e sínú náítírójìn olómi ní -196°C, iṣẹ́ tó gbówó lórí, tí a sì ní láti kọ́ ní ọ̀tun fún oríṣi kọ̀ọ̀kan. Mo gbà pé fún àwọn wọ̀nyí, igbó tó dúró ṣì ni ilé ìpamọ́ tó dára jù.

Nígbà mìíràn, kò tilẹ̀ sí hóró tí a ó tọ́jú. Ní 1895, John Medley Wood, onímọ̀ ewéko, rí ewéko kan ní igbó oNgoye ní Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n wá sọ ní Encephalartos woodii. Akọ ni. Akọ nínú irú ewéko yìí ń ṣe ìyẹ̀fun ìbísí, abo ló ń ṣe hóró, kò sì sí ẹni tó tíì rí abo rẹ̀. Gbogbo èyí tó wà ní ọgbà ewéko káàkiri ayé, ẹ̀ka ara akọ kan ṣoṣo yẹn ni.

Ọ́kíìdì, irú ewéko olódòdó kan, ní ìṣòro tirẹ̀. Hóró rẹ̀ kéré bí eruku, oúnjẹ inú rẹ̀ kò sì tó nǹkan, nítorí náà olú tó wà nínú ilẹ̀ ló ń wọ inú rẹ̀ láti fún un ní ṣúgà títí yóò fi lè dá dúró, gẹ́gẹ́ bí Noël Bernard, onímọ̀ ewéko ará Faransé, ṣe fi hàn láti 1899. A lè gbẹ hóró ọ́kíìdì, kí a sì fi í sínú òtútù, ṣùgbọ́n bí a kò bá tọ́jú olú tó ń bọ́ ọ pẹ̀lú rẹ̀, kì yóò rọrùn láti dá a padà sínú igbó.