Káàdì Tí Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Jẹ

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìsàlẹ̀ ilé ni mo jókòó sí, ní bésímẹ́ǹtì, lórí àpótí tí a fi kó ẹrù wá láti Ìbàdàn. Bí ẹ bá ń gbọ́ nǹkan tó ń ṣe gbùù lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Aṣọ iṣẹ́ ọ̀la ló wà nínú rẹ̀, n ò lè pa á. Òkè ò ṣeé jókòó sí, àwọn ọmọ ti sùn, bàbá wọn náà ti sùn, ó sì ń hanrun lọ ràì. Ẹ bá mi fara dà á.

Ẹ̀rọ yìí kan náà ló jẹ káàdì ìlera wa lọ́dún 2018.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Toronto tàbí Lọ́ńdọ̀nù lè máa rò pé mò ń ṣàwàdà. Níbí ní Manitoba, ìpínlẹ̀ kan ní Kánádà, káàdì tí èèyàn fi ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́ nílé ìwòsàn, bébà ni nígbà yẹn. Kì í ṣe bébà líle bíi páálí o, bébà ṣá, tó jẹ́ pé bí o bá sín sí i, á fò lọ. Gbogbo ìdílé ló ń wà lórí ẹyọ kan ṣoṣo: nọ́ńbà ìdílé olójú mẹ́fà, orúkọ bàbá, ti ìyá, ti àwọn ọmọ, tí nọ́ńbà olójú mẹ́sàn-án ti oníkálukú sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Mo ká a sínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ mi, mo gbàgbé, mo da ṣòkòtò sínú ẹ̀rọ. Ohun tí mo bá níbẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan dà bí ẹ̀kọ tí ọmọ ọwọ́ tu sílẹ̀. Mo sá a síbi tí atẹ́gùn gbígbóná ti ń jáde nílẹ̀ẹ́lẹ̀, bóyá nọ́ńbà kan á ṣì hàn. Kò hàn.

Bàbá àwọn ọmọ wò ó, ó wò mí, ó ní, "Ìjọba olówó báyìí, wọn ò rí ike fi ṣe é?" Èmi ni mo dá a lóhùn pé ká máa dúpẹ́. Mo ní nílé ńkọ́, ta ló fún wa ní bébà rí?

Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ yìí. "Nílé ńkọ́?" Ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa. Bọ́ọ̀sì pẹ́ nínú òtútù, nílé ńkọ́? Dókítà ò rí wa, nílé ńkọ́? A ti sọ ọ́ di òṣùwọ̀n. Ohunkóhun tí wọ́n bá bù fún wa, orí ẹ̀ la ó gbé e lé, á sì kún dẹ́nu nígbà gbogbo, torí pé òṣùwọ̀n ọ̀hún fúnra rẹ̀ ti jò.

Ìparí ọdún 2019, àbígbẹ̀yìn mi ń mí hẹlẹhẹlẹ, ara ẹ̀ gbóná bíi kí èèyàn yan ẹ̀pà lórí ẹ̀. A gbé e lọ sí ẹ̀mágẹ́ńsì. N ò ní dárúkọ ilé ìwòsàn náà, àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń sáré bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Aago méje alẹ́ la dé. Aago mẹ́rin ìdájí ni dókítà rí wa. Wákàtí mẹ́sàn-án, lórí àga oníke tí wọ́n so pọ̀ mọ́ra, tó jẹ́ pé bí ẹnì kan bá yídìí, gbogbo wa la ó mì.

Ibi tí èèyàn ti ń gbọ́ ohun tí aráàlú rò nípa ìjọba nìyẹn o, kì í ṣe orí tẹlifíṣọ̀n. Bàbá aláwọ̀ funfun kan jókòó sí ọ̀tún mi, ó fi tówẹ̀lì ìdáná wé ọwọ́, ẹ̀jẹ̀ ń yọ díẹ̀díẹ̀. Ó ní nígbà tí ìyá òun bí òun, dókítà ló wá bá wọn nínú oko. Ó ní ìjọba ti bà á jẹ́, gbogbo wọn, àtẹni tó wà níbẹ̀ àtẹni tó kúrò níbẹ̀. Obìnrin ọmọ Fílípíìnì kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ìtọ́jú àwọn arúgbó, ní ká má bínú, pé lọ́dọ̀ tàwọn, bí owó ò bá sí lọ́wọ́ ẹ, ẹnu ọ̀nà lo máa dúró sí. Mo mi orí. Nílé ńkọ́?

Ìyá kan wà níwájú wa, ọmọ onílẹ̀, àwọn tí ilẹ̀ yìí jẹ́ tiwọn kí ẹnikẹ́ni tó dé. Òun nìkan lara ò yá, àmọ́ ọmọ rẹ̀ méjì àti àbúrò rẹ̀ ló tẹ̀ lé e. Mo bi ọmọbìnrin rẹ̀ pé ṣé wọn ò ní ṣiṣẹ́ lọ́la ni, tí gbogbo wọn fi ń ṣàìsùn. Ó ní, "Àwa kì í dá wá síbí." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi iṣẹ́ ni mo ti wá gbọ́ ìtàn Brian Sinclair, ọkùnrin onílẹ̀ kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn, tó wọ ẹ̀mágẹ́ńsì nílùú Winnipeg yìí ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008. Ó jókòó fún wákàtí 34 láìrí dókítà. Ibẹ̀ ló kú sí. Àrùn tó ṣeé wò ló pa á. Àwọn kan rò pé ó ti mutí yó ni, tàbí pé ibi tó máa sùn ló ń wá.

Nítorí náà, bàbá onítówẹ̀lì ń fi àtijọ́ wọ̀n ọ́n, èmi àti ọmọ Fílípíìnì ń fi ìlú wa wọ̀n ọ́n, ìdílé yẹn ń fi ẹ̀mí wọn wọ̀n ọ́n. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bèèrè pé kí ló dé tí èrò fi pọ̀ báyìí lálẹ́ ọjọ́ yìí gan-an.

Ó sì ní ìdí. Láàárín ọdún 2017 sí 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ wa, lábẹ́ Brian Pallister, dín ẹ̀mágẹ́ńsì Winnipeg kù láti mẹ́fà sí mẹ́ta. Ti Victoria, ti Concordia, ti Seven Oaks, wọ́n sọ wọ́n di ibi tí wọ́n ti ń wo àìsàn tí kò le tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí àwọn dókítà bá kóra jọ síbi mẹ́ta, ìdúró á dín kù. Ọdún 2018 kan náà ni wọ́n yọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè kúrò nínú ìtọ́jú ọ̀fẹ́. Ẹ mọ iye ọmọ wa tó wà nínú wọn. Ẹnì kan tó ń gbé yàrá lọ́dọ̀ wa nígbà náà ń ka oògùn ikọ́ ẹ̀ bí ẹni ń ka owó.

Níbo lèmi wà nígbà tí wọ́n ń ṣe èyí? Mo wà níbí. Mò ń san owó orí, ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni wọ́n ń yọ ọ́. N ò lè dìbò, torí ọmọ orílẹ̀-èdè nìkan ló ń dìbò níbí, ẹni tó bá ní ìwé ìgbélùú lásán á kàn máa wòran. Ìyẹn òótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó kù. Oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018, n ò sùn, mò ń wo ìbò gómìnà Ọ̀ṣun lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ibùdó ìdìbò méje ni wọ́n ti tún un dì. Mo ń bá àwọn èèyàn jà lórí WhatsApp. Èmi tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀ṣun pàápàá! Bí ẹ bá sì ní kí n dárúkọ ẹni tó ń ṣojú àdúgbò mi nílé ìgbìmọ̀ Manitoba, ma wòkè bí adìyẹ tó mumi.

Ẹ dákun, ó ti ń fún aṣọ. Ẹ jẹ́ kó parí.

Ó yá. A wà níbi ìsọmọlórúkọ kan lọ́dún 2022, ìrẹsì ti tán, ó ku ariwo. Ẹ̀gbọ́n kan ní Trudeau, olórí ìjọba Kánádà nígbà náà, ti ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́. Kí ló ṣe? Ó ní ìyá ìyàwó òun ti ń dúró de iṣẹ́ abẹ orúnkún fún ọdún kan ààbọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, Trudeau kọ́ ló ni ilé ìwòsàn." Láti ọdún 1867 ni òfin wọn ti fi ilé ìwòsàn àti ilé ẹ̀kọ́ sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Ottawa, ìyẹn ìjọba àpapọ̀, ń fi owó kún un, ó sì ní òfin ọdún 1984 tó ní wọn ò gbọdọ̀ gbowó lọ́wọ́ aláìsàn fún iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ẹni tó ń pinnu iye nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ lálẹ́ ni premier, tó dà bíi gómìnà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Àbúrò, o ti ń di olóṣèlú." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọdún yẹn ni mo búra gẹ́gẹ́ bí ọmọ Kánádà, mo sì ń wò ó pé Ẹ̀gbọ́n ti di ọmọ orílẹ̀-èdè fún ọdún mẹ́sàn-án, kò tíì dìbò ìpínlẹ̀ rí.

N ò fẹ́ purọ́ fún yín pé nítorí ilé ìwòsàn ni mo fi dìbò. Nítorí ààtàn ni.

Wọ́n pa àwọn obìnrin onílẹ̀ kan nílùú yìí, ẹ̀rí sì fi hàn pé òkú méjì nínú wọn wà nínú ààtàn Prairie Green, lóde ìlú. Àwọn ẹbí ní kí wọ́n wá wọn jáde. Ìjọba Heather Stefanson, premier wa nígbà náà, ní rárá: kẹ́míkà wà níbẹ̀, ewu ni fún òṣìṣẹ́, owó rẹ̀ sì lè tó mílíọ̀nù 184 dọ́là. Ó ṣeé jiyàn lé, n ò sọ pé kò ṣeé jiyàn lé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìbò ọdún 2023 dé, ẹgbẹ́ wọn gbé e sójú pátákó ńlá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà pé àwọn ò ní yẹsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ń fi kíkọ̀ láti wá òkú polongo ìbò. Mo ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́, mo rí pátákó náà, mo wá ibì kan gúnlẹ̀ sí.

Ẹni ọmọ sin ló bímọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ la ń wí? Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yìí ló ń tọrọ pé kí wọ́n jẹ́ kóun sin ìyá òun. Ọmọ ń bẹ láyé, ó ń bẹ̀bẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, ìyá rẹ̀ wà lábẹ́ pàǹtírí. Nílé, bí òkú bá bọ́ sómi, wọn a wá a dọ́jọ́ keje. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé n ò ronú méjì kí n tó sọ ọ́ nínú mọ́tò, èmi nìkan, sókè: "Nílé ńkọ́?" Lọ́tẹ̀ yìí, òṣùwọ̀n yẹn ò jò.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹwàá ọdún 2023, mo lọ dìbò nínú gbọ̀ngàn eré ìdárayá ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ mi. Kò sí sójà. Kò sí yíǹkì. Obìnrin arúgbó kan tó dé fìlà wúlù sórí wo ìwé mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀ẹ̀kíní yín rèé?" Ìṣẹ́jú mẹ́fà, mo ti jáde. Mo dúró níta díẹ̀, ó ń ṣe mí bíi pé nǹkan kan kù tí wọn ò ní kí n ṣe.

Ẹgbẹ́ NDP, tó ń ta ko Stefanson, gba àga 34 nínú 57. Wab Kinew di premier, ọmọ onílẹ̀ àkọ́kọ́ láti First Nations tó darí ìpínlẹ̀ kankan ní Kánádà. Ó fi ètò ìlera sọ́wọ́ Uzoma Asagwara, nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀, tí òbí rẹ̀ wá láti Nàìjíríà, ọ̀kan nínú àwọn aláwọ̀ dúdú mẹ́ta tó kọ́kọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ yẹn lọ́dún 2019. Asagwara kì í fẹ́ kí wọ́n pe òun ní "he" tàbí "she", àwọn aládùúgbò mi kan ò sì yé ráhùn pé ó ń dí àwọn lẹ́nu. Mo ní ẹ kọ́ Yorùbá. "Ó" la ní. Ó ti tó gbogbo èèyàn.

Wọ́n wá òkú náà. Oṣù Kejìlá ọdún 2024 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tú ààtàn, nígbà tó fi di oṣù Kẹta ọdún 2025, wọ́n ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn méjèèjì ni. Mílíọ̀nù 20 dọ́là ni Ottawa gbé kalẹ̀, ìpínlẹ̀ gbé 20 kalẹ̀.

Àwọn nǹkan mìíràn, bákan méjì. Wọ́n yọ owó orí epo mọ́tò, sẹ́ǹtì 14 lórí lítà kan, fún gbogbo ọdún 2024, gbogbo èèyàn yọ̀. Wọ́n dá a padà ní 12.5 ní 2025, gbogbo èèyàn gbàgbé pé àwọn yọ̀. Ìnṣọ́ránsì mọ́tò, ìjọba ló ni ín láti ọdún 1971, n ò lẹ́jọ́ kankan níbẹ̀. Ẹ̀mágẹ́ńsì ńkọ́? Wọ́n ṣèlérí pé àwọn á ṣí mẹ́ta tí wọ́n tì padà. Mo tún gbé ọmọ mi lọ láìpẹ́ yìí, ọwọ́ ló fi ṣubú lórí yìnyín. Wákàtí méje. Ẹni tó jókòó tì mí, ọmọ wa ni, mo gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ó ń sọ fún ìyàwó ẹ̀ lórí fóònù pé, "Ó sàn, jàre. Nílé ńkọ́?"

N ò bá a jà. Mo yọ fóònù, mo kọ lẹ́tà sí aṣojú wa. Mo mọ orúkọ ẹ̀ báyìí. Ìgbà tá a dé, wákàtí tá a fi dúró, iye nọ́ọ̀sì tí mo rí, ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìlérí. Ìlà méje. N ò dárúkọ ilé níbẹ̀.

Kí n tó gbàgbé, wọ́n ti ń fún èèyàn ní káàdì oníke láti oṣù Kìíní ọdún 2025. Tiwa ti dé, oníkálukú pẹ̀lú tiẹ̀. Tèmi wà nínú... ẹ dúró ná. Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹ jẹ́ n wo àpò ṣòkòtò yìí.