Kí Ni Wọ́n Fi Rí Omi Lábẹ́ Máàsì?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ní Yábàá, Èkó

Ẹ káàsán o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, àti ẹ̀yin tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí Third Mainland kò jẹ́ kẹ́ ẹ bá àdúrà ìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo máa ń sọ kiri náà ni mo tún gbé dé. Bí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì bá ní àwọn ti rí omi ní Máàsì, pílánẹ́ẹ̀tì pupa yẹn, ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n fi rí i.

Ti yìnyín kò ní àríyànjiyàn. Lọ́dún 2008, ẹ̀rọ Phoenix fi apá irin wa ilẹ̀ lápá àríwá Máàsì, ó sì kan nǹkan funfun. Àwọn ègé kéékèèké kan wà nínú kòtò náà. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, wọ́n ti pòórá. Àwọn kan ti ń pariwo pé iyọ̀ ni. Iyọ̀ wo ló ń fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ? Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá 2021 ẹ̀wẹ̀, òkúta kan já láti ojú ọ̀run, ó gbẹ́ kòtò tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mítà 150, ó sì hú yìnyín síta.

Omi tó ṣì jẹ́ omi ló ń dá ìjà sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ Máàsì fẹ́lẹ́ débi pé agbára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tiwa. Omi tó bá wà lójú ilẹ̀ á dì, tàbí kó gbẹ lọ sáfẹ́fẹ́. Abẹ́ ilẹ̀ ló kù. Lọ́dún 2018, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Orosei, àtàwọn ará Ítálì bíi tirẹ̀ fi rédà MARSIS, tó wà lára ẹ̀rọ tó ń yí Máàsì po lókè, yẹ yìnyín ìpẹ̀kun gúúsù wò, wọ́n rí ibi tó ń dán ní nǹkan bíi kìlómítà kan àbọ̀ nísàlẹ̀. Wọ́n ní adágún ni. Díẹ̀ ló kù kí ọmọ onílẹ̀ lọ gbowó ìpìlẹ̀ níbẹ̀! Àwọn mìíràn fèsì pé amọ̀ pàápàá lè dán bẹ́ẹ̀ fún rédà. Ẹ̀yìn wọn ni mo wà.

InSight, ẹ̀rọ tí NASA gbé sójú ilẹ̀ Máàsì láti máa gbọ́ ìmìtìtì ilẹ̀, ló gbà mí lọ́kàn. Ẹ mọ bí a ṣe ń kan tánkì gíípíì ká lè mọ ibi tí omi dé? Ìmìtìtì ilẹ̀ ló bá InSight kan Máàsì. Ìgbì rẹ̀ pín sí méjì: ọ̀kan ń ti àpáta síwá-sẹ́yìn, èkejì ń mì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí omi bá kún inú àpáta tó ti sán, ipa rẹ̀ lára ìgbì méjèèjì kì í dọ́gba. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Wright, Morzfeld àti Manga, ṣírò rẹ̀, wọ́n ní láàárín kìlómítà 11.5 sí 20 nísàlẹ̀ ilẹ̀, àpáta tí omi kún ló bá ohun tí InSight gbọ́ mu jù.

Ibẹ̀ ni bọ̀dá kan tó ń gbẹ́ bọ́hòlù ti nawọ́: "Prọ́ọ̀fù, ẹ má bínú. Ní Lẹ́kkí, rírí omi kọ́ ni wàhálà wa, omi tó ṣeé mu ni. Ṣé tibẹ̀ yẹn ò níyọ̀? Ta ló sì fẹ́ gbẹ́ ẹ débẹ̀?"

Ó ba ètò mi jẹ́, ṣùgbọ́n ó jàre. Adágún àwọn ará Ítálì ò lè ṣe kó má níyọ̀ gan-an, torí òtútù ibẹ̀ á ti sọ omi lásán di yìnyín. Ti InSight, ooru inú ilẹ̀ lè tó láti má jẹ́ kó dì. Bóyá ó níyọ̀, ìgbì kò lè sọ. Ní ti gbígbẹ́, Soviet Union (Rọ́ṣíà ayé ìgbà náà) bẹ̀rẹ̀ ihò Kola lọ́dún 1970; ìgbà tó fi máa di 1989, mítà 12,262 ni wọ́n dé, ilé ayé níbí nìyẹn o.

Alága ti ń wo aago. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ àwọn odò àtijọ́ àti omi tó sá lọ sójú òfuurufú. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ mìíràn. Èyí tí mi ò ní fi sílẹ̀ ni pé ojú kan ṣoṣo ni InSight jókòó sí. Wright àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní bí ibi gbogbo bá rí bíi tibẹ̀, omi náà á tó òkun tó bo gbogbo Máàsì, tó jìn ní kìlómítà kan sí méjì. "Bí" yẹn làwọn oníròyìn gbé jù sígbó. Eruku ti bo InSight, ó dákẹ́ ní oṣù Kejìlá 2022. Ẹni tó bá ní òkun wà káàkiri abẹ́ Máàsì, kó kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ mìíràn lọ síbòmíràn.