Nígbà Tí Odò Kúrò Lórí Bẹ́ẹ̀dì: Àyọkà Nípa Àyíká àti Àkàyé Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olùkọ́ àti àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò sọ láàárọ̀ Sátidé kan nìyí. Mo tún un kọ kí ẹni tí kò sí níbẹ̀ lè rí i kà.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ kú ìkàlẹ̀. Gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì méjì péré ni mo kọ sójú pátákó, èmi náà ni mo sì hun wọ́n:

"Hardly a tree was left on the bank. When the rain came, the river left its bed, and those who had built along its course paid for it."

Kò sí ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ọmọ JSS 1 kò tíì gbọ́ rí. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo fún àwọn ọmọ SS 2 kan, ọ̀kan nínú wọn kọ ọ́ pé igi líle kan ló kù ní báńkì. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín o. Ó rí "hard" nínú "hardly", ó sì rántí báńkì tí bàbá rẹ̀ ti ń gbowó. Bẹ́ẹ̀, "hardly" ti bẹ́ igi yẹn lulẹ̀ kí a tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀: agbára káká la fi lè rí igi kan níbẹ̀.

"Bank" ní tirẹ̀, etí odò ni. Gẹ̀ẹ́sì ní odò ní báńkì, àwa ní ó ní etí. Gẹ̀ẹ́sì ní ó ní bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn ilẹ̀ tí omi ń ṣàn lé lórí. Ọmọ Yorùbá kò yẹ kó jẹ́ ẹni tí irú èyí máa yà lẹ́nu, nítorí àwa náà ń sọ̀rọ̀ nípa orí òkè, etí òkun, ojú ọ̀run. "Course" kì í ṣe kọ́ọ̀sì tí ẹ fẹ́ lọ kà ní yunifásítì. Ojú ọ̀nà tí odò ń gbà ni. Ní ti "paid for it", ẹnikẹ́ni kò na kọ́bọ̀. Wọ́n jìyà rẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká wá síbi tó ti ń dùn mí. Mo bi àwọn ọmọ náà pé kí ni àyọkà yìí sọ pé ó ṣáájú omíyalé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló kọ pé àwọn èèyàn ń da ilẹ̀ sínú gọ́tà. Ilẹ̀ wo? Gọ́tà wo? Ẹ tún gbólóhùn méjèèjì kà.

Mo mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Ọmọ Ìbàdàn ni wọ́n. Ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980, odò Ògùnpa kún, ó pa èèyàn, ó sì gbé ilé lọ. Ní ọjọ́ 26 Oṣù Kẹjọ 2011, omíyalé mìíràn tún ṣọṣẹ́ nílùú náà. Láti kékeré ni wọ́n ti ń gbọ́ nílé àti lórí rédíò pé ká yé da ilẹ̀ sójú àgbàrá. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òótọ́ ìgboro ni, kì í ṣe ti àyọkà mi. Igi tó tán létí odò àti òjò tó dé ni mo kọ.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan máa ń ní kí a fún ọmọ ní ohun tó ti mọ̀, kó lè rọrùn fún un. Mo gbà dé ìdajì. Ohun tí a mọ̀ máa ń mú kí ọ̀rọ̀ yéni, ó sì tún máa ń mú kí ojú ya ọ̀lẹ. Ìdí tí mo fi ń lo odò, igbó àti òjò gan-an nìyẹn: ibẹ̀ ni ọmọ ti máa ń fi èyí tó wà lórí rẹ̀ dípò èyí tó wà nínú ìwé.

Nípa àkókò: ìbéèrè 180 ni JAMB fẹ́ kí ẹ dáhùn ní wákàtí méjì, Gẹ̀ẹ́sì sì kó 60 nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ ka ìbéèrè kí ẹ tó ka àyọkà. Ní ti WAEC, ẹ yé da gbólóhùn inú àyọkà kọ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nígbà tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe àkékúrú, ìyẹn "summary". Máàkì ń lọ níbẹ̀.

Nílé, ẹ ka àyọkà, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá fún màmá àgbà. Wọ́n á bi yín pé, "Ta ló gé àwọn igi náà?" Bí kò bá sí nínú ìwé, ẹ ní, "Wọn kò sọ, mà." Ìdáhùn yẹn kì í rọrùn fún ọmọ tó mọ̀wé.

Kí a tó túká, mo kọ èyí:

"At Ikogosi, a warm spring and a cold one flow side by side before they meet. Visitors like to stand where they do."

Mo ní kí wọ́n sọ fún mi ta ni "they" tó gbẹ̀yìn, àti kí ni "do" dúró fún. Ọmọkùnrin kan ní àwọn àlejò ni, pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan nawọ́ látẹ̀yìn: "Sà, omi méjèèjì ni 'they'. 'Do' ni kí wọ́n pàdé. Ibi tí omi ti pàdé ni àwọn àlejò ń dúró sí."

Mo ní, "Kí wá ni àwọn àlejò náà ń wá níbẹ̀?"

Ó tún pátákó wò dáadáa. "Wọn kò sọ, sà."