Òsì, Ọ̀tún, Àárín: Bí Ẹ̀fẹ̀ Bàbá Wa Ṣe Parí Àríyànjiyàn

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyí ní gbọ̀ngàn ìjọ kan ní Èbúté Mẹ́ta, lọ́jọ́ tí ẹbí wa ń ṣèrántí bàbá wa àgbà.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀yin èwe, ẹ fi fóònù yín sápò díẹ̀. Ká ní Bàbá wà níbí ni, wọn ìbá ti fi yín ṣe yẹ̀yẹ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣa ìwé ètò ìsìnkú méje jọ, ti bàbá méje ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní àdúgbò yìí. Mo fi ọwọ́ bo orúkọ, mo kà á sétí ìyàwó mi, mo ní kó sọ ẹni tó ni èwo. Kò mọ ọ̀kan. Gbogbo wọn ló bẹ̀rù Ọlọ́run, gbogbo wọn ló kórìíra irọ́, gbogbo wọn ló tọ́mọ yanjú. Ẹni tó bá ka ìwé wọ̀nyẹn á rò pé bàbá kan ṣoṣo ló kú lẹ́ẹ̀méje. Ti Bàbá tiwa wà nínú méje náà. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́.

Ohun tí mo wá bẹ̀ yín kò pọ̀: ẹ kọ ẹ̀fẹ̀ bàbá yín sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn gẹ́lẹ́.

Kúùkù ọkọ̀ òkun ni Bàbá. Láyé ìgbà náà, ọkọ̀ òkun ló ń kó èrò láti Ìlú Ọba wá sí èbúté Àpápá. Èyí tí ará Èkó mọ̀ jù ni Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, tó sì fi ojú òkun yìí sílẹ̀ ní 1974, nígbà tí bàálù ti gba èrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ méjì ni ìrìn náà. Ọkọ̀ á yà ní Las Palmas, á yà ní Freetown, ní Monrovia, ní Gánà, kó tó gúnlẹ̀ sí Àpápá. Bàbá á wá di ẹrù sẹ́yìn takisí, ó di ilé.

Àpótí wọn ṣì wà lọ́dọ̀ mi, ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà. Ẹ̀wù funfun kan wà níbẹ̀ tí bọ́tìnnì rẹ̀ kò pé, àti ọ̀bẹ kékeré tí ìbẹ ànàmọ́ ti jẹ ẹnu rẹ̀ tán, àti ṣíbí mẹ́fà tó ní àmì ọkọ̀ lára. Bí àwọn ṣíbí yẹn ṣe dénú àpótí, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìwé iṣẹ́ wọn náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ àwọn ewé ẹ̀yìn. Torí náà, a kò mọ ọdún tí Bàbá wọkọ̀ kẹ́yìn. Bọ̀dá mi ní 1970 ni, pé ogun Biafra ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Àǹtí wa àgbà ní rárá o, náírà ni àwọn ń ná nígbà náà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ti jiyàn yìí nídìí ìrẹsì Kérésì. Lọ́dún kan, ìrẹsì tutù sílẹ̀.

Ẹ̀fẹ̀ ló bá wa parí ẹ̀. Tí wọ́n bá bi Bàbá pé báwo ni ìrìn-àjò ìkẹyìn yẹn, wọn a ní:

"Òsì ní Ìlú Ọba, ọ̀tún ní Las Palmas, ọ̀tún ní Freetown, ọ̀tún ní Monrovia, òsì ní Gánà. Mo dé Èkó, wọ́n ní ọ̀tún ni. Mo bojú wo títì, àárín ni gbogbo wọn wà!"

Láti kékeré la ti ń fi í rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dàgbà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi iyè sí i pé apá ibi tí mọ́tò ń gbà ni Bàbá ń kà. Wàyí o, ìlú Sàró, níbi tí Freetown wà, bọ́ sí ọ̀tún ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 1971. Àwa bọ́ sí ọ̀tún ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972. Gánà fà á títí di ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 1974. Bí Èkó bá ti wà ní ọ̀tún, tí Gánà sì ṣì wà ní òsì, àárín 1972 sí 1974 ni Bàbá wà lórí omi. Náírà dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní 1973. Ti Bọ̀dá kò lè rí bẹ́ẹ̀; ti Àǹtí ló bá a mu. Bọ̀dá mi ló jókòó níwájú níbẹ̀ yẹn, àjà ni wọ́n ń wò.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo kọ sínú ìwé ètò ìsìnkú: "Bàbá rin ìrìn-àjò púpọ̀, wọ́n sì jẹ́ aláwàdà." Ó tán. Ta ni ìyẹn fẹ́ bá parí ìjà?

Tí ẹ bá sì fẹ́ gba irú ẹ̀fẹ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ lọ bá àkọ́bí. Àkọ́bí ti sọ Bàbá di ẹni mímọ́. Ẹ bi àbúrò wọn, ẹ bi ayálégbé, ẹ bi ẹni tí wọ́n jẹ lówó.

Nígbà tó kan ìbéèrè, Àǹtí dìde. "Ìwọ ọmọ yìí, o sọ ọ́ dáadáa, àmọ́ o ò ṣe é." Wọ́n fi ọ̀pá wọn lé mi lọ́wọ́, wọ́n rọra lọ sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọ̀tún, wọ́n tún wo òkè. Wọ́n wá di ìró mú, wọ́n sáré wọlé bí ẹni tó ń sọdá títì ní Oyíngbò.