Gìtá, Pọ́ńkì àti Ìsọ̀ Télọ̀ Kan ní Òṣogbo

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin olórin ẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, mo kí yín kú ìjókòó. Wọ́n ní kí n sọ bí mo ṣe di onígìtá ní Òṣogbo níbí, àti ipa tí orin pọ́ńkì, orin gìtá tó yára tó sì ń pariwo, kó nínú rẹ̀. Ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni mo mú wá: ohun tí àwọn ọ̀dọ́ New York fi pọ́ńkì sọ fún aráyé, pé kí ènìyàn bẹ̀rẹ̀ ná, kí ọwọ́ máa mọ̀ ọ́n bó bá ṣe ń ṣe é, Òṣogbo ti ń ṣe é ṣáájú wọn.

Ẹ wo Mbárí Mbáyọ̀, ibùdó iṣẹ́ ọnà àti eré ní Òṣogbo níbí, tí Dúró Ládiípọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1962 nínú ilé ọtí tirẹ̀. Nígbà tí ayàwòrán Georgina Beier kọ́ àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ ọnà níbẹ̀ lọ́dún 1964, lára àwọn tó jókòó tì í ni Jimoh Buraimoh tó ń bójú tó iná fún ẹgbẹ́ eré Ládiípọ̀, Twins Seven-Seven tó jẹ́ oníjó, àti Muraina Oyelami tó ń ṣeré tó sì ń lùlù. Wọn kò ti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà kankan wá, síbẹ̀ òkìkí wọn kàn dé òkè òkun. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1974, ni ẹgbẹ́ pọ́ńkì Ramones ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní New York.

Èyí tí àwa kọ́kọ́ gbọ́ ni kásẹ́ẹ̀tì tí Bad Brains, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú mẹ́rin láti Washington, gbé jáde lọ́dún 1982. Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ wa kan ló mú un ti Amẹ́ríkà bọ̀. Orin náà yára tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé rédíò ló ń sáré, àfìgbà tí orin régè kan bẹ̀rẹ̀ nínú kásẹ́ẹ̀tì kan náà, tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́, ni a tó mọ̀ pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.

Ẹ̀yìn ìsọ̀ télọ̀ kan ni a ti ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́. Gìtá kan ṣoṣo la ní, bí wáyà rẹ̀ bá já, a ó tú fọ́nrán kan lára wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́, a ó sì fi rọ́pò rẹ̀. Ó ń gé ọmọ ìka. A so gìtá náà mọ́ rédíò àtijọ́ tí ohùn rẹ̀ ti ń họ, ibẹ̀ ni mo sì ti lóye ìdí tí àwọn oní-pọ́ńkì fi ń tẹ ohùn àkọ́kọ́ àti ohùn karùn-ún nìkan nínú kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ohùn tí à ń tẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n ń fo ìkẹta: bí gbohùngbohùn bá ti ń họ, ìkẹta yẹn ló máa ń lọ́ ohùn pọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ni iṣẹ́ wà. Ẹni tó bá ti ta gìtá tẹ́nọ̀ nínú jùjú, tó ń ta ohùn kan náà léraléra láti alẹ́ títí di àfẹ̀mọ́júmọ́ kí onígìtá iwájú lè rí ibi gbẹ́sẹ̀ lé, ti mọ ìfaradà tí mò ń wí. Ìlú tí wọ́n bí King Sunny Adé sí lọ́dún 1946 nìyí, kò sí òde ìnáwó tí a kò ti ń gbọ́ gìtá tẹ́nọ̀.

Bàbá mi gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, ó ní, "Irú orin wo lẹ̀ ń kọ yìí, tí kò ki ẹnikẹ́ni?" Ìbéèrè náà tọ̀nà. Olórin jùjú ń ki olówó, olówó ń náwó fún un, ohun tó ń bọ́ ẹgbẹ́ nìyẹn. Àwa ń kọrin nípa omi tí kò sí àti ọ̀nà tó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ náwó fún ìyẹn. Mo ṣì gbà pé ó yẹ kí irú orin bẹ́ẹ̀ wà.

Ìṣòro wa gan-an ni ohùn. Bí a bá fi igbe kan náà pariwo gbogbo ọ̀rọ̀ bí àwọn ará Washington ti ń ṣe, ohùn Yorùbá á sọnù, ẹnikẹ́ni kò sì ní gbọ́ ohun tí à ń wí. Ọdẹ kan ládùúgbò wa tó ń sun ìjálá ló yanjú rẹ̀: ó ní kí a jẹ́ kí ohùn máa gòkè sọ̀ kalẹ̀ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, bó ti wù kí a sáré tó, ó sì fi ibi tí a ó ti máa mí hàn wá. Láti ìgbà náà ni gìtá mi ti máa ń dúró sójú kan títí tí olóhùn yóò fi parí gbólóhùn rẹ̀, kí ó tó ṣí.