Àbùùbùtán Tó Kù Díẹ̀ Kó Tán
(Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde)

Mo kí ẹ̀yin àgbà, mo kí ẹ̀yin ọ̀dọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí orúkọ kan bẹ̀rẹ̀. Àbùùbùtán ni àwọn baba wa pe ẹran tó tóbi jù lọ nínú òkun. Ẹ bù ú, ẹ tún bù ú, kò ní tán. Àmọ́ láàárín ọdún 1900 sí 1999, àwọn ọkọ̀ ọdẹ òkun pa tó mílíọ̀nù mẹ́ta ó dín díẹ̀. Epo ara rẹ̀ ni wọ́n ń wá, wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti bọ́tà.

Lọ́dún 1971, àwọn èèyàn díẹ̀ wọ ọkọ̀ apẹja kan ní Vancouver, ní Kánádà, pé àwọn fẹ́ lọ dí ìdánwò bọ́ǹbù lọ́wọ́ ní erékùṣù Amchitka, ní Alaska, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọn ò débẹ̀, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Greenpeace, tó ń jà fún ààbò òkun àti ilẹ̀, ti ṣẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kan náà ni wọ́n tún gbé jáde lọ́dún 1975, tí wọ́n fi ọkọ̀ rọ́bà kékeré bọ́ sí àárín àbùùbùtán àti ìbọn àwọn ọdẹ Soviet. Ẹ fojú inú wò ó: ọ̀kọ̀ irin tí ìbọn yìn gba orí wọn kọjá, ó bá ẹran náà. Wọn ò gbà á là. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà wà lọ́wọ́ wọn, ayé sì rí i. Lọ́dún 1982, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àbùùbùtán dìbò pé kí pípa á fún títà dúró, òfin náà sì mú lọ́dún 1986. Láàárín méjì yìí, ní July 1985, àwọn amí ìjọba Faransé fi bọ́ǹbù ri ọkọ̀ Greenpeace tó ń jẹ́ Rainbow Warrior ní Auckland, ní New Zealand, nítorí ó fẹ́ lọ dí ìdánwò bọ́ǹbù Faransé lọ́wọ́. Fernando Pereira tó ń ya fọ́tò kú sínú rẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí a bá ka òfin tí a ò dárúkọ ọkùnrin yìí.

Ìjà náà ò tíì parí. Japan kúrò nínú àjọ yẹn lọ́dún 2019, ó sì padà sídìí pípa á fún títà.

Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ òyìnbó. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè S. L. Edu, òun ló dá Nigerian Conservation Foundation, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo igbó àti ẹranko, sílẹ̀ lọ́dún 1980. Ẹgbẹ́ yẹn ní ẹ̀ṣọ́ nínú igbó Omo, ní Ìlà-Oòrùn Ìjẹ̀bú níbí, níbi tí erin ṣì wà. Àwọn kan nínú ẹ̀ṣọ́ náà ti ṣọdẹ rí. Àwa tí à ń sọ pé àjànàkú kọjá "mo rí nǹkan fìrí," ìgbẹ́ erin àti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ la wá ń wá kiri báyìí.

Odò Omo ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí a bá jù sí gọ́tà, òjò á gbé e dé odò, odò á gbé e dé ọ̀sà, títí dé òkun. Ìjàpá òkun tó tóbi jù, ẹran omi kan tó rọ̀, tó sì mọ́ gaara bí ọ̀rá ló ń jẹ. Kò mọ ìyàtọ̀. Lóru, ìjàpá òkun máa ń wọ́ gun etíkun Èkó, á fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn wa iyanrìn, á yé ẹyin bíi 100, omi á máa ṣàn lójú rẹ̀. Iyọ̀ òkun ló ń tú dà nù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ará ní Ẹ̀pẹ́, ní Ìwòpin àti ní gbogbo Waterside, ẹ bá mi sọ fún àwọn apẹja wa: ìjàpá tó bá kó sí àwọ̀n, kí wọ́n tètè tú u sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ lòun náà ń mí; bí àwọ̀n bá dá a dúró sísàlẹ̀ pẹ́, omi á pa á.