Pyrgi: abúlé tí oje igi kọ́

Ẹ wo ògiri yìí dáadáa kí n tó sọ̀rọ̀. Dúdú, funfun, dúdú, funfun. Onígun mẹ́ta, onígun mẹ́rin, òbírí, láti ẹsẹ̀ ilé títí dé òrùlé. Kì í ṣe ààfin o. Ilé àgbẹ̀ ni. Pyrgi lorúkọ abúlé náà, ní gúúsù erékùṣù Chios, lórílẹ̀-èdè Gíríìsì.

Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ bi mí. "Ọ̀dà wo nìyẹn?" Gbogbo ìgbà tí mo bá gbé fọ́tò yìí síta, ìbéèrè kan náà ni. KÒ SÍ Ọ̀DÀ NÍBẸ̀! Wọ́n á kọ́kọ́ fi àpòpọ̀ oníyanrìn dúdú rẹ́ ògiri. Wọ́n á wá mú òkúta funfun tí wọ́n ti sun, tí wọ́n pò mọ́ omi, wọ́n á fi bò ó pátá. Ibí yìí ló ti máa ń rú èèyàn lójú: wọn kì í dúró kó gbẹ. Bó ṣe tutù yẹn náà ni wọ́n á mú fọ́ọ̀kì, fọ́ọ̀kì ìjẹun yìí náà o, wọ́n á máa họ funfun kúrò, dúdú tó wà nísàlẹ̀ á sì yọjú. Kì í ṣe kíkùn. HÍHỌ ni! Xysta ni wọ́n ń pè é, ìtumọ̀ rẹ̀ ò sì ju "ohun tí a họ" lọ.

Àbúrò bàbá mi kan máa ń fín igbá ní Ọ̀yọ́. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń jókòó tì í, mo rò pé ńṣe ló ń ya nǹkan sójú igbá. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, n ò fi nǹkan kan kún un o, mò ń yọ ọ́ kúrò ni." Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ògiri Pyrgi, òun ni mo rántí.

Ẹwà ti tó. Ẹ jẹ́ ká wo abúlé náà látòkè wàyí. Ṣé ẹ rí i? Ilé fara ti ilé, kò sí àlàfo. Ẹ̀yìn àwọn ilé tó wà létí ìlú ló di odi. Ọ̀nà inú rẹ̀ tóóró, ó ṣe kọ́rọkọ̀rọ, ilé ìṣọ́ kan sì wà láàárín, òun ni wọ́n fi sọ abúlé náà lórúkọ. Kí ló dé tí àgbẹ̀ fi ń gbé bí ọmọ ogun? Nítorí oje igi. Oje igi lásán!

Mastiha ni wọ́n ń pe oje náà, oje tí èèyàn ń jẹ lẹ́nu ni. Igi rẹ̀ ò ga, ẹ lè rò pé igbó ṣákálá ni. Lọ́dún 1346, àwọn ará Genoa láti Ítálì gba erékùṣù náà, wọ́n sì fi òwò oje sábẹ́ ẹgbẹ́ oníṣòwò kan tó ń jẹ́ Maona. Wọ́n ṣe abúlé bí odi nítorí àwọn olè ojú omi. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fìyà tó le jẹ ẹni tó bá jí oje. Lójú tèmi, odi yẹn ń ṣọ́ ará ilé bó ṣe ń ṣọ́ olè.

Ní 1566, erékùṣù náà bọ́ sọ́wọ́ àwọn Ọ́tọ́mánì, ìjọba ilẹ̀ Tọ́kì tí Sultan jẹ́ ọba wọn. Oje yìí kan náà ni wọ́n ń gbà bí owó orí, kí àwọn obìnrin ààfin Sultan lè máa rí i jẹ lẹ́nu kí èémí wọn lè dára. Ẹ fọkàn sí èyí tó kàn yìí. Lọ́dún 1822, àwọn Ọ́tọ́mánì yìí pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn ní Chios, wọ́n kó àwọn mìíràn lẹ́rú. Àwọn abúlé oje ńkọ́? Wọ́n dá púpọ̀ nínú wọn sí. Ta ló máa kọ igi nílà kí oje lè jáde tí wọ́n bá pa àgbẹ̀ tán? Erékùṣù náà di ti Gíríìsì ní 1912, àwọn àgbẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tiwọn sílẹ̀ ní 1938.

Ó yá, oko! Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọ́n á gbá abẹ́ igi mọ́ tónítóní, wọ́n á sì fọ́n ilẹ̀ funfun kan tó dà bí ẹfun síbẹ̀. Àwọn kan máa ń rò pé ajílẹ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé pè é bẹ́ẹ̀! Oje ló máa kán sórí rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí oje dọ̀tí, òun ló sì ń jẹ́ kó tètè gbẹ. KÌ Í ṢE AJÍLẸ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó kọ igi nílà wẹ́wẹ́ lára èèpo, léraléra fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ẹni tó bá fi ìwọra gé e jinlẹ̀ ń pa igi ara rẹ̀ ni. Oje á ro tótó bí omijé, kódà omijé ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á fi í sílẹ̀ bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó le.

Èrè ibẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí igi kan ń mú wá lọ́dún kì í tó 200 gíráàmù. Igi tuntun á sì ti lo bí ọdún 5 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú nǹkan kan wá. Ẹ wá ronú sí iná tó sun oko wọn ní oṣù kẹjọ ọdún 2012.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti ìgbà òtútù. Àwọn ìyá àgbà á jókòó yí tábìlì ká, ọ̀bẹ kékeré á wà lọ́wọ́ kálukú. Wọ́n á mú omijé kan, wọ́n á họ ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, wọ́n á jù ú sínú àwo, wọ́n á mú òmíràn. Ẹnu wọn ò dákẹ́, ọwọ́ wọn náà ò sinmi.